Ilé ríra ní Ìlú Ọba lásìkò tí ọjà ń gbéra: ẹ fi èyí wé ìyẹn kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé

Ilé méjì lè wà lójú òpópónà kan náà ní Manchester, kí éjẹ́ǹtì kọ £250,000 sára méjèèjì, kí ọ̀kan sì ná ẹni tó rà á ní ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn ju èkejì lọ kí ọdún mẹ́wàá tó pé. Irú ìwé tó wà lórí ilé, irú èlé tí báńkì gbé lé e, owó-orí tí ìjọba gbà lọ́jọ́ ìrà, owó àbójútó ọdọọdún: àwọn ló ń fa ìyàtọ̀ náà. Bí ọjà bá sì ti ń gbéra, ìkánjú kì í jẹ́ kí èèyàn rí wọn. A gbé àwọn nǹkan tí ẹ ní láti yàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn síbí pẹ̀lú ìṣirò. Òfin owó-orí tí a lò jẹ́ ti Ẹ́ńgíláńdì láti 1 April 2025; Sìkọ́tíláńdì àti Wéèlísì ní tiwọn lọ́tọ̀.

Níbo gan-an ni ọjà ti gbéra?

Ọjà ilé Ìlú Ọba ṣubú láàárín 2007 sí 2009, lásìkò tí àwọn èèyàn tò sẹ́nu ọ̀nà báńkì Northern Rock láti kó owó wọn jáde ní September 2007. Bank of England gé èlé rẹ̀ sí 0.5% ní March 2009, kò sì tún yí i padà fún ohun tó lé ní ọdún méje. Ìjọba gbé ètò Help to Buy, tó ń ran olùrà ilé lọ́wọ́, jáde ní 2013, ìyẹn náà sì ti ọjà sókè. Ṣùgbọ́n ara ọjà kò yá bákan náà níbi gbogbo. Lọ́ńdọ̀nù tètè kọjá iye tó wà tẹ́lẹ̀. Ìhà àríwá ìlà-oòrùn Ẹ́ńgíláńdì gbà ju ọdún mẹ́wàá lọ. Ní Northern Ireland, iye ilé ní 2024 kò tíì padà dé ibi tó dé ní 2007. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé iye ilé kì í wálẹ̀ ní Ìlú Ọba, ẹ bi í pé: ní ìlú wo, láti ọdún wo?

Lẹ́yìn ìgbà náà, èlé tún fò láti 0.1% ní 2020 dé 5.25% ní August 2023, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ láti August 2024. Ìsọ̀kalẹ̀ yìí ló ń dá àwọn olùrà padà sọ́jà. Síbẹ̀, fúláàtì kò bá ilé olórùlé tirẹ̀ gòkè dọ́gba láwọn ọdún àìpẹ́ yìí, pàápàá ní Lọ́ńdọ̀nù. A ó rí ìdí rẹ̀ níwájú.

Ẹ ó máa gbọ́ iye oríṣiríṣi nínú ìròyìn, ẹ má sì jẹ́ kó dà yín láàmú. Iye tí Rightmove, ojú òpó tí wọ́n ti ń polówó ilé, ń gbé jáde ni iye tí àwọn tó ń tà ń *bèèrè*. Ti Nationwide àti Halifax wá láti ara àwọn tó ń yá owó ilé lọ́wọ́ àwọn fúnra wọn, kò ka ẹni tó fi owó ọwọ́ rẹ̀ ra ilé. Ti Land Registry, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ ilé sílẹ̀, ni iye tí wọ́n *san* lóòótọ́, àti ẹni tó yáwó àti ẹni tí kò yáwó, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ kó tó jáde. Bí ẹ bá fẹ́ dá iye lé ilé kan, ti Land Registry ni kí ẹ lò: ẹ wá ilé mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó jọ ọ́ ní òpópónà náà tí wọ́n tà láàárín ọdún kan. Ọ̀fẹ́ ni ẹ ó rí iye wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Kí ẹ rà á báyìí, tàbí kí ẹ dúró?

Ẹ jẹ́ kí á mú ilé £250,000, àsansílẹ̀ 10%, kí á san gbèsè náà fún ọdún 30. A gbà pé iye ilé gòkè ní 3% láàárín ọdún kan. Àpẹẹrẹ lásán ni èlé tí a lò.

| | Ẹ rà á báyìí | Ẹ dúró, èlé sọ̀ kalẹ̀ | Ẹ dúró, èlé kò sọ̀ |
|---|---|---|---|
| Iye ilé | £250,000 | £257,500 | £257,500 |
| Àsansílẹ̀ | £25,000 | £25,750 | £25,750 |
| Owó tí ẹ yá | £225,000 | £231,750 | £231,750 |
| Èlé | 4.75% | 4.25% | 4.75% |
| Ohun tí ẹ ó san lóṣù | £1,174 | £1,140 | £1,209 |

Bí ẹ bá wo ìsàlẹ̀ tábìlì yìí nìkan, ó dà bíi pé ìyàtọ̀ kò tó nǹkan. Ibi tó ti ń dunni wà níbòmíràn. Báńkì sábà máa ń yáni ní owó tí kò ju ìlọ́po 4.5 owó tó ń wọlé lọ́dún lọ. Ìdílé tó ń gba £50,000 lọ́dún kò lè rí ju nǹkan bí £225,000 lọ. Bí ilé náà bá di £257,500, báńkì kò ní fi £6,750 tó lé kún un. Ẹ̀yin lẹ ó wá a. Àsansílẹ̀ yín á wá kúrò ní £25,000, á di £32,500. £7,500 nìyẹn láàárín ọdún kan, lórí ilé tó gòkè ní 3% péré. Ẹni tí owó tó ń wọlé fún un ti kan àjà báyìí ni ọjà tó ń gbéra ń lé jù.

Ẹ tún fi owó háyà wé e. Nínú £1,174 oṣooṣù ti ọdún àkọ́kọ́, èlé tí ẹ ó san fún báńkì lé díẹ̀ ní £10,600 lọ́dún, nǹkan bí £3,470 sì ń dín gbèsè yín kù. Bí háyà tí ẹ ń san báyìí bá jẹ́ £1,100 lóṣù, £13,200 ń lọ lọ́dún láì padà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé ilé háyà kì í tún bọ́ílà ṣe, kì í sì í san adójútòfò ilé, nítorí náà ẹ yọ ó kéré tán £2,000 lọ́dún sọ́tọ̀ fún àtúnṣe kí ẹ tó sọ pé ríra ló dín wó.

Èrò tiwa ni pé bí ẹ bá ti ní 10%, tí iṣẹ́ yín dúró, tí ẹ ó sì gbé ibẹ̀ tó ọdún márùn-ún, ẹ má dúró de ìdajì 1% èlé. Bí 5% nìkan lẹ ní, tí ẹ sì lè mú un dé 10% láàárín ọdún kan, ẹ dúró. Ìpele ìpele ni báńkì ń wo àsansílẹ̀, 5%, 10%, 15%, 25%, 40%, èlé sì ń dín kù bí ẹ ṣe ń gun ìpele kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ní 9.5% wà ní ìpele ẹni tó ní 5%.

Freehold, leasehold, tàbí ìpín?

Ibí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ jù. Freehold ni pé ilé àti ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ di tiyín pátápátá. Leasehold ni pé ọdún lẹ rà. Onílẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn. Púpọ̀ nínú wa wá láti ibi tí C of O ọdún 99 ti jẹ́ ìwé tó gbajúmọ̀ jù, ìdí nìyẹn tí "lease ọdún 99" kì í fi í bà wá lẹ́rù. Ní Ìlú Ọba, ó yẹ kó bà wá lẹ́rù. Lease ọdún 99 tí wọ́n kọ ní 1985, ọdún 59 ló kù fún un ní 2025, ọ̀pọ̀ báńkì kò sì ní yá ẹnikẹ́ni lówó lórí rẹ̀. Ìyẹn ni pé bí ẹ bá fi owó ọwọ́ yín rà á, ẹni tó fẹ́ rà á lọ́wọ́ yín lọ́la kò ní rí owó yá.

Ọdún 80 ni ààlà. Bí ọdún tó kù bá ti wọ ìsàlẹ̀ 80, owó tí ẹ ó san láti fi ọdún kún un máa ń fò sókè, nítorí onílẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí ìdajì èrè tí ìfikún náà bù kún iye ilé. Òfin 2024 lórí leasehold pinnu láti pa èyí rẹ́, ṣùgbọ́n apá òfin náà kì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà; ẹ bi lọ́yà bóyá èyí ti bẹ̀rẹ̀. Èyí tó ti bẹ̀rẹ̀, láti 31 January 2025, ni pé kò pọn dandan mọ́ kí ẹ kọ́kọ́ ní ilé náà fún ọdún méjì kí ẹ tó bèèrè ìfikún.

Owó ilẹ̀ ọdọọdún, ìyẹn ground rent, tún wà. Lease tuntun tí wọ́n kọ láti 30 June 2022 kò gbọdọ̀ ní in. Ti àtẹ̀yìnwá ṣì ní in, àwọn kan sì ń di ìlọ́po méjì lọ́dún mẹ́wàá mẹ́wàá: £250 lónìí, £500 lẹ́yìn ọdún 10, £1,000 lẹ́yìn 20, £4,000 lẹ́yìn 40. Bí lọ́yà yín bá rí gbólóhùn bẹ́ẹ̀, kí onílẹ̀ yí i padà nínú ìwé kí ẹ tó rà á, tàbí kí ẹ fi ilé náà sílẹ̀.

Owó àbójútó, ìyẹn service charge tí àwọn onífúláàtì jọ ń san lórí ilé wọn, ló ń fa fúláàtì sẹ́yìn jù nínú ọjà tó ń gbéra yìí. Lẹ́yìn iná tó jó ilé gíga Grenfell ní Lọ́ńdọ̀nù ní 14 June 2017 tó pa èèyàn 72, àwọn báńkì bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ìwé EWS1 lórí ọ̀pọ̀ ilé alájà gíga, láti mọ̀ bóyá nǹkan tí wọ́n fi bo ara ògiri rẹ̀ lè gbiná. Níbi tí ìwé náà kò bá ti sí, títà rẹ̀ lè há. Kí ẹ tó san owó lọ́yà púpọ̀ lórí fúláàtì, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á mú àwọn nǹkan wọ̀nyí wá: ìwé LPE1 (ìdáhùn sí àwọn ìbéèrè lórí leasehold náà), owó àbójútó ọdún mẹ́ta tó kọjá, iye tó wà nínú àpò àtúnṣe gbogbogbò, àti bóyá wọ́n ti fi ìwé Section 20 ránṣẹ́, ìyẹn ìkìlọ̀ pé iṣẹ́ ńlá ń bọ̀. Òrùlé tuntun lórí ilé alájà mẹ́rin lè já sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn fún fúláàtì kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ìwé owó dé ló ń san án.

Ìpín, tí wọ́n ń pè ní shared ownership, fa ojú ẹni tí àsansílẹ̀ rẹ̀ kéré mọ́ra. Ní Ẹ́ńgíláńdì, owó tó ń wọlé fún ìdílé kò gbọdọ̀ ju £80,000 lọ lọ́dún, £90,000 ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ wo fúláàtì £300,000:

| | Ẹ ra gbogbo rẹ̀ | Ẹ ra ìpín 40% |
|---|---|---|
| Àsansílẹ̀ 10% | £30,000 | £12,000 |
| Owó tí ẹ yá | £270,000 | £108,000 |
| Ìsanwó báńkì lóṣù (4.75%, ọdún 30) | £1,408 | £563 |
| Háyà lórí 60% tó kù (2.75% lọ́dún) | kò sí | £412.50 lóṣù |
| Owó àbójútó | gbogbo rẹ̀ | gbogbo rẹ̀ |

Ẹ tún ìlà ìkẹyìn yẹn kà. Ìpín 40% lẹ ní, ṣùgbọ́n owó àbójútó 100% lẹ ń san. Háyà náà sì ń gòkè lọ́dọọdún. Nígbà tí ọjà bá gbéra, ó ń ṣe yín lóore lọ́wọ́ kan, ó ń gbà á padà lọ́wọ́ kejì: bí fúláàtì náà bá gòkè ní 15% dé £345,000, ìpín yín fi £18,000 lé sí i, àmọ́ 60% tí ẹ fẹ́ rà lẹ́yìnwá ọ̀la fi £27,000 wọ́n sí i, nítorí iye ọjọ́ náà ni wọ́n fi ń tà á. Ìpín dára fún ẹni tó mọ̀ pé òun lè ra púpọ̀ sí i láàárín ọdún mẹ́ta sí márùn-ún. Ẹni tí kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, a kò gbà á níyànjú rẹ̀ níbi tí iye ilé ti ń yára gòkè.

Ilé tuntun àbí ilé àtijọ́

Ilé tuntun máa ń gbówó lórí ju èyí tí èèyàn ti gbé rí, apá kan owó yẹn a sì ṣòfò lọ́jọ́ tí ẹ bá gba kọ́kọ́rọ́. Ohun tí ẹ rí gbà ni ẹ̀rí ọdún mẹ́wàá (ọdún méjì àkọ́kọ́ wà lọ́rùn ẹni tó kọ́ ọ) àti owó iná tó kéré. Ẹ bèèrè bóyá owó ọgbà àti títì àdúgbò wà lórí ilé náà, nítorí freehold pàápàá lè ní in báyìí, kò sì sí ààlà sí bó ṣe lè gòkè bí ìwé kò bá sọ ọ́.

Ilé àtijọ́ ń fẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n yẹ̀ wò. Àyẹ̀wò tí báńkì ń ṣe, ti báńkì ni. Ó ń wo bóyá ilé náà tó ìdúró fún owó rẹ̀ ni. Fún ilé ọdún 1900 tó so mọ́ra, ẹ san owó àyẹ̀wò RICS Level 3, èyí tó kún jù. Fún ilé tí wọ́n kọ́ lẹ́yìn 1970 tí ara rẹ̀ dá ṣáká, Level 2 tó. Ohun tó sábà ń jáde ni ọ̀rinrin nísàlẹ̀ ògiri, òrùlé tó ti rẹ̀, wáyà iná àtijọ́, àti ògiri tí ẹnì kan wó láì gbàṣẹ. Ẹ fi ìròyìn náà dín owó: bí wọ́n bá kọ £8,000 fún òrùlé, ẹ ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Kódà nínú ọjà tó ń gbéra, ẹni tó ń tà mọ̀ pé olùrà tó kàn yóò rí ohun kan náà.

Èlé tó dúró ọdún méjì, ọdún márùn-ún, tàbí èyí tó ń tẹ̀ lé Bank of England

Ẹni tí owó rẹ̀ fún mọ́ ọn lọ́rùn, kó mú ọdún márùn-ún. Ẹni tó rò pé òun á tà tàbí kó kúrò láàárín ọdún mẹ́ta kò gbọdọ̀ mú un, nítorí owó ìtanràn wà fún ẹni tó bá jáde ṣáájú: 3% lórí £225,000 jẹ́ £6,750. Èyí tó ń tẹ̀ lé Bank of England sábà máa ń dá yín sílẹ̀ láìsí ìtanràn, ṣùgbọ́n kí àpò yín lè gba 2% sókè láì mì.

Ẹ ṣọ́ owó ìforúkọsílẹ̀. Bí báńkì kan bá ní èlé tó fi 0.2% kéré àmọ́ tó ń gba £999, lórí gbèsè £100,000 ẹ jèrè £200 lọ́dún, £400 lọ́dún méjì: ẹ pàdánù. Lórí £300,000, £1,200 ni, ẹ jèrè díẹ̀. Oṣù mẹ́fà ṣáájú kí àdéhùn tó parí ni kí ẹ ti máa wá òmíràn, torí bí ó bá parí, báńkì á gbé yín sórí èlé tirẹ̀ tó wọ́n gan-an.

Ọdún gígùn ńkọ́? £200,000 ní 4.5%: fún ọdún 25, £1,112 lóṣù, fún ọdún 35, £947. Gbogbo èlé rẹ̀ kúrò ní nǹkan bí £133,500, ó di £197,500. Bí ẹ bá ní láti mú 35 kí báńkì tó gbà, ẹ mú un, kí ẹ máa san àlékún. Ọ̀pọ̀ àdéhùn ń gbà kí ẹ san tó 10% gbèsè náà lọ́dún láìsí ìtanràn.

Ilé tí ẹ ní sí Ìbàdàn wọ inú ìṣirò

Ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ èyí títí lọ́yà á fi bèèrè. Lójú òfin owó-orí Stamp Duty, ẹni tó ń ra ilé fún ìgbà àkọ́kọ́ ni ẹni tí kò tíì ní ilé rí *níbikíbi láyé*. Ilé tí ẹ kọ́ sí Ìbàdàn, Abẹ́òkúta tàbí Lekki kà. Ilé ogún náà kà. Fún ilé £300,000 ní Ẹ́ńgíláńdì:

| Ipò olùrà | Owó-orí |
|---|---|
| Kò tíì ní ilé rí níbikíbi | £0 |
| Ó ti ní ilé rí, ṣùgbọ́n kò ní òmíràn báyìí, tàbí èyí tó ní kò tó £40,000 | £5,000 |
| Ó ní ilé tó tó £40,000 sílé, kò sì ta ilé tó ń gbé | £20,000 |
| Bíi ti òkè yìí, ṣùgbọ́n Lagos ló ń gbé | £26,000 |

Ìlà kẹrin wà nítorí 2% tó wà lórí ẹni tí kò gbé Ìlú Ọba tó ọjọ́ 183 láàárín oṣù 12 ṣáájú ìrà. Tọkọtaya tó ń gbé pọ̀, ẹnì kan ni òfin kà wọ́n sí lórí àlékún 5% tó wà lórí ẹni tó ní ilé mìíràn (òun ló sọ £5,000 di £20,000 nínú tábìlì): orúkọ ìyàwó nìkan lórí ìwé kò ní yọ yín bí ọkọ bá ní ilé sílé. Bí ìpín yín nínú ilé ẹbí kò bá yé yín, ẹ kó ìwé rẹ̀ lọ fún lọ́yà kó tó kọ owó-orí náà, kí iye naira tó wà nínú rẹ̀ di pọ́n-ùn ní ọjọ́ ìrà gan-an.

Ibi tí àsansílẹ̀ ti wá

Lifetime ISA jẹ́ àkáǹtì ìfowópamọ́ tí ìjọba ti ń fi £1,000 kún £4,000 tí ẹ bá fi pamọ́ lọ́dún. Ẹ gbọ́dọ̀ ṣí i kí ẹ tó pé 40, ilé kò gbọdọ̀ ju £450,000 lọ, kò sì wà fún ẹni tó ti ní ilé rí níbikíbi. Bí ẹ bá yọ ọ́ fún nǹkan mìíràn, 25% lọ: £5,000 di £3,750, ó dín sí ohun tí ẹ fi sí i. Ní Lọ́ńdọ̀nù, £450,000 yẹn lè há mọ́ yín lọ́wọ́ bí iye ilé ṣe ń gòkè. Níbi tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, àkáǹtì lásán ló sàn.

Owó èsúsú dára, àmọ́ lọ́yà gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà tó gbà wọlé. £12,000 tó wọ àkáǹtì lẹ́ẹ̀kan láti ọwọ́ olórí èsúsú ń fa ìbéèrè. Kí gbogbo owó máa gba báńkì kọjá, kí ẹ tọ́jú ìwé orúkọ àti ọjọ́ gbígbà, kí ó sì ti wà nínú àkáǹtì yín ó kéré tán oṣù mẹ́fà. Ẹ̀bùn láti ọ̀dọ̀ òbí ń fẹ́ lẹ́tà pé kì í ṣe gbèsè, pẹ̀lú ìwé báńkì ẹni tó fún yín. Bí owó náà bá ti Nàìjíríà wá, ẹ kó ìwé títà ilẹ̀ tàbí ìwé owó oṣù tó bí i dání.

Ẹ́ńgíláńdì àti Sìkọ́tíláńdì

Ní Ẹ́ńgíláńdì, kò sí ẹni tó dè yín títí ẹ ó fi pàṣípààrọ̀ ìwé àdéhùn, tí ẹ sì san 10%. Láàárín ìgbà náà, ẹni tó ń tà lè gba owó tó ju tiyín lọ lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ọjà tó ń gbéra sì ni ìyẹn ti ń ṣẹlẹ̀ jù. Ẹ ní kí éjẹ́ǹtì yọ ilé náà kúrò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ tí wọ́n bá gba iye yín, kí lọ́yà bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ìjọba ìbílẹ̀ lọ́sẹ̀ náà. Ní Sìkọ́tíláńdì, ẹni tó ń tà ló ń pèsè Home Report tó ní àyẹ̀wò nínú, lọ́yà yín ló ń fi iye ránṣẹ́, àdéhùn sì tètè ń de tọ̀tún tòsì. Ṣùgbọ́n báńkì ń yáni lówó lórí iye tó wà nínú Home Report. Ohunkóhun tí ẹ bá fi lé e láti borí àwọn olùrà yòókù, àpò yín ló ti ń jáde, yàtọ̀ sí àsansílẹ̀.

Láti ọjọ́ tí báńkì ti gbà títí di ọjọ́ tí ẹ ó gba kọ́kọ́rọ́, ẹ má ra mọ́tò lórí gbèsè, ẹ má ṣí káàdì tuntun, ẹ má sì fi iṣẹ́ sílẹ̀. Báńkì lè tún àkọsílẹ̀ yín wò ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn.